Owó Òwò Obìnrin Nínú Ilé Mùsùlùmí

 

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Iyere yìí tí ó jẹ́ pé gààrí àti epo tí ìyá ń tà ni ó ń san owó ilé-ìwé. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn obìnrin oníṣòwò kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ gba ọwọ́ Bank of Industry bẹ̀rẹ̀ ètò TraderMoni. Nígbà náà, ₦10,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá oníṣòwò, láìsí èlé, láìbéèrè ohun ìdógò. Ẹni tí ó bá san án láàárín oṣù mẹ́fà nígbà náà lè gba ₦15,000. Owó náà kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ dára lójú wa. Àwọn tí wọ́n kà á sí owó ìbò tí wọn kò san án, kí wọ́n mọ̀ pé gbèsè ni, ẹrù ọrùn ni títí di ọjọ́ àjíǹde.

Èyí tí a ń rí jù lọ́jà ni owó elélé tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà. Orúkọ náà kò yẹ mọ́sálásí, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wa. Kí a tó dá ìyá tí ó kó sínú rẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi ọkọ rẹ̀ léèrè: owó òwò tí ó ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Nígbà mìíràn, ọkọ ni ó yá a, tí kò dá a padà.

Suuratu Nisāi, āyah 32, jẹ́ kí ó yé wa pé ìpín obìnrin wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ti ọkùnrin ṣe wà nínú tirẹ̀. Khadijat ọmọ Khuwaylid ni ó ni ọjà tí Ànábì bá a gbé lọ sí Ṣáàmù kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Nígbà tí ó sì ná ọrọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà Ọlọ́hun, tọkàntọkàn ni ó fi ṣe é. Kò sí ẹni tí ó fi agbára gbà á.

Ní ti ẹ̀kọ́ṣẹ́, àkọsílẹ̀ ni kí ìyá oníṣòwò kọ́kọ́ kọ́: owó òwò lọ́tọ̀, èrè lọ́tọ̀, àwìn lọ́tọ̀. Āyah tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì, Baqarah 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè ní kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́ lálaalẹ́.

Àwọn ìyá Àsàlátù lè dá èésú sílẹ̀ láàárín ara wọn, iye kan náà fún oníkálukú, kí wọ́n máa kó o ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, láìsí èlé. Ọjọ́ tí ó bá sì kan aya wa, kí àwa ọkọ má ṣe na ọwọ́ sí i.