Bí Ọkọ̀ Kékeré Ṣe Ń Pín Agbára Fún Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Inú ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí ẹ̀kọ́ yìí. Ọkọ̀ rì, dẹ́rẹ́bà tẹná, táyà kan ń yí bí òòyì, ó ń ta pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ sára àwọn tó ń tì í. Táyà kejì tó wà lórí ilẹ̀ líle kò tiẹ̀ mira. Ẹ́ńjìnnì ò ṣàìsàn, agbára ò tán. Ibi tí agbára ò ti lè ṣe nǹkan kan ló gbà lọ. Ẹni tó bá mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí, ìyẹn bí àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún eré ṣe ń pín agbára fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ mú igi kan. Ẹ so okùn mọ́ àárín rẹ̀, ẹ so ẹrù kọ̀ọ̀kan mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wá máa fà á. Bí ẹrù méjèèjì bá wúwo bákan náà, igi á dúró déédéé, wọ́n á sì jọ máa tẹ̀ lé yín. Bí okùn ẹrù kan bá já, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ní gbogbo ìgbà tó sì ń yí, ẹrù kejì ò ní kúrò lójú kan. Dífù ọkọ̀, ìyẹn àkójọ jíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti ti òsì, ni igi yẹn, àfi pé yíyí tirẹ̀ kì í tán. Ìwọ̀n kan náà ló ń fún ọ̀tún àti òsì. Nítorí náà, táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa kò lè rí gbà ju ohun tí èyí tó ń yọ̀ lè gbé lọ.

Kí ló dé tí wọ́n wá fi í sínú ọkọ̀? Kọ́nà ni. Ẹ rántí ìlà àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan lórí pápá: bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti máa yà, ọmọ tó wà lóde á máa na ẹsẹ̀, èyí tó wà nínú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ojú kan. Táyà náà nìyẹn. Kì í sì í ṣe ọ̀tún àti òsì nìkan: táyà iwájú máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ nínú kọ́nà. Bí ẹ bá de gbogbo wọn pọ̀ gbagba, ọ̀kan á máa wọ́ nílẹ̀ dandan.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ eré kékeré yẹn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020 ni Toyota gbé GR Yaris jáde níbi àfihàn ọkọ̀ Tokyo Auto Salon. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju lítà 1.6 lọ, sílíńdà mẹ́ta péré, àmọ́ tọ́bò wà lára rẹ̀, agbára ẹṣin 261 sì ni èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù ní. Gbogbo ọkọ̀ náà ò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 1,280. Ká ní táyà iwájú nìkan ló ń gba agbára yẹn, wàhálà dé. Iṣẹ́ méjì ni táyà iwájú ń ṣe: òun ló ń yà, òun náà ló ń fà. Ìdìmú tó ní sì dà bí owó kan ṣoṣo lápò: èyí tó bá ná sórí fífà, kò sí mọ́ fún yíyà. Lẹ́yìn náà, bí dẹ́rẹ́bà bá tẹná, ìwúwo ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á tẹ ilẹ̀ sí i, ti iwájú á sì fúyẹ́. Ẹ̀yìn gan-an ló yẹ kó ràn án lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí dífù tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn, àwọn kan fi ẹ̀kẹta sí àárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Audi ṣe nínú Quattro tó gbé jáde ní Geneva lọ́dún 1980, awakọ̀ sì lè ti dífù náà pa bí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Subaru WRX STI náà ní tirẹ̀, tí wọ́n ṣe eyín jíà inú rẹ̀ lọ́nà tó fi ń fún iwájú ní 41 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ń fún ẹ̀yìn ní 59.

Ọ̀nà kejì ni GR Yaris ń tọ̀, òun sì ló wọ́pọ̀ jù nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ìbú. Ẹ́ńjìnnì ń yí iwájú tààrà. Ọ̀pá gígùn kan gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, àmọ́ kó tó kan dífù ẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín kílọ́ọ̀ṣì kan. Ká ṣí i wò: àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tò síra wọn nínú ọ́ìlì, ọ̀kan ti iwájú, ọ̀kan ti ẹ̀yìn, títí dé ìparí. Bí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ wọ́n pọ̀ díẹ̀, agbára díẹ̀ á kọjá. Bí ó bá tẹ̀ wọ́n gan-an, púpọ̀ á kọjá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fò ó. GR Yaris ti ọdún 2020 yẹn ní ipò mẹ́ta tí awakọ̀ lè yàn. Ti Normal jẹ́ 60 fún iwájú, 40 fún ẹ̀yìn. Ti Track jẹ́ 50 sí 50. Ti Sport ni 30 fún iwájú, 70 fún ẹ̀yìn. Báwo ni kílọ́ọ̀ṣì tó kàn ń so nǹkan méjì pọ̀ ṣe lè fún ẹ̀yìn ju iwájú lọ? Ohun tí àwo inú kílọ́ọ̀ṣì mọ̀ kò ju pé kí èyí tó ń sáré fa èyí tó ń falẹ̀. Bí méjèèjì bá ń sá eré kan náà, kò sí ẹni tó ń fa ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ Toyota fi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn kí wọ́n yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, kí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti iwájú lè máa fẹ́ sáré ju ẹ̀yìn lọ nígbà gbogbo. Àwo ò ní yé ha ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì máa fi títẹ̀ wọ́n díwọ̀n iye tó fẹ́ kó kọjá. Lójú tèmi, ọgbọ́n kékeré yẹn ló gba oríyìn jù nínú gbogbo ọkọ̀ náà.

Ford lo irú ọgbọ́n yìí nínú Focus RS tó jáde lọ́dún 2016, ó sì fi kún un: kò fi dífù sẹ́yìn rárá. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà fún ọ̀tún, òmíràn fún òsì. Bí ọkọ̀ bá ń yà sọ́wọ́ òsì, kọ̀ǹpútà lè kó ohun tó kan ẹ̀yìn fún táyà ọ̀tún tó wà lóde, kó ti imú ọkọ̀ wọnú kọ́nà.

Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ra táyà méjì tuntun kí ẹ fi méjì tó ti jẹ sílẹ̀. Táyà tó ti jẹ kéré ní òbírí, ó gbọ́dọ̀ yí lọ́pọ̀ ìgbà ju tuntun lọ kó tó rin ọ̀nà kan náà, àwo inú kílọ́ọ̀ṣì sì lè máa ha ara wọn ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, àní lórí ọ̀nà tó tọ́ tààrà, títí ọ́ìlì á fi gbóná tí á sì jó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ pààrọ̀, oríṣi kan, ìwọ̀n kan.