Bàṣé tó ń kùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé bàṣé ògbólógbòó tó ń kó yín lọ sọ́jà máa ń kùn bí oyin? Ẹ má sọ pé, "Bó ti máa ń ṣe nìyẹn." Ẹ wá ìdí rẹ̀.

1. Kí awakọ̀ dúró, kó tẹ iná láì gbéra. Bó bá kùn, ẹ yẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ wò.

2. Bó bá jẹ́ pé bí eré ṣe ń pọ̀ ni ìró ń pọ̀, ẹ fura sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ìró bá yí padà nígbà tí ẹ kúrò lórí títì ọlọ́dà bọ́ sórí ilẹ̀, ó lè jẹ́ táyà.

3. Bó bá ń pọ̀ sí i tí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, torí ẹrù tẹ̀ síbẹ̀.

4. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ fi òkúta há àwọn ẹsẹ̀ yòókù, kí ẹ fi kíríkì gbé ọ̀kan sókè. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀! Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín, ẹ yí i. Bó bá ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, tàbí tó ń ha, ó lè jẹ́ pé rulemọ́ǹ rẹ̀ ti ń jẹ.

Rulemọ́ǹ ni irin roboto tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí wọ́ọ́rọ́. Gírísì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí gírísì bá tán, irin á máa jẹ irin, á gbóná, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè yọ lójú ọ̀nà.

Owó rulemọ́ǹ kò tó owó ẹ̀mí. Ẹ pe mẹkaníìkì kí ẹ tó tún kó ẹrù.

Ìbéèrè: Bí ẹ bá gbọ́ kíkùn nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, kí ni ẹ ó sọ fún awakọ̀?