Kó Orin, Kọ́ Orin, Kọ Orin

Ẹni tó bá tẹ "ko orin" sórí fóònù láìfi àmì sí i ti di ẹrù lé ẹni tó máa kà á lórí. Kọ ni akọrin ń kọ orin. Kọ́ ni ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá. Kó ni ẹni tó bá gbá a jọ lódidi ń kó o. Kọ̀ sì ni olórin tí owó kò tẹ́ lọ́rùn ń kọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdé nínú ẹjọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ orin Universal, Sony àti Warner pe Suno àti Udio ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Suno àti Udio ló ni ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ṣe orin fún ẹni tó bá ti ṣàlàyé irú èyí tó ń fẹ́: ìlù, ohùn àti ègbè, gbogbo rẹ̀ á jáde kí omi ẹ̀bà tó hó. Àwọn olùpẹjọ́ ní wọ́n kó orin àwọn láìgbàṣẹ. Suno ní ẹ̀rọ kàn kọ́ orin ni, bí ọmọdé tó gbọ́ orin rọ́ọ̀kì títí tó fi mọ tirẹ̀ kọ. Ohùn òkè ni kó àti kọ́, àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ẹjọ́ sì rọ̀ mọ́ àmì náà.

Kọ̀ ló máa ń tan ènìyàn jù. Òfin èdè ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ á di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, "ó kọ orin náà" lè jẹ́ pé ó fi ẹnu kọ ọ́, pé ó fi bírò kọ ọ́, tàbí pé ó ní òun kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ló máa ń là á: ó kọ ọ́, ó kọ̀ ọ́, ó kọ́ ọ. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn olórin tó lé ní 1,000 ní Bìrìtìkó gbé àwo kan jáde tí kò sí orin kankan lórí rẹ̀, àfi ìdákẹ́rọ́rọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tó ṣófo, láti fi tako ètò ìjọba tó fẹ́ gba ẹ̀rọ láàyè láti lo iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ròyìn pé "wọ́n kọ orin" kò parọ́, ṣùgbọ́n òǹkàwé lè dé ibi tí kò sí ìròyìn. Nínú ìwé àdéhùn, ó sàn kí a kọ ọ́ ní kíkún: kọ orin sílẹ̀, fi ẹnu kọ orin, kọ̀ jálẹ̀.

Òfin ohùn yìí kan náà ló wà nínú "da fíìmù kọ", tí gbogbo ẹni tó ń wo fíìmù Yorùbá mọ̀ láti inú ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú eré. Dà ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ó di da nítorí fíìmù. Ó padà sí ipò rẹ̀ nínú "wọ́n dà á kọ", ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú àdàkọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ti wá. Ó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n etí lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹni tó ń da nǹkan kọ ló ni ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, ó sàn ju "àṣẹ lórí ara" lọ, èyí tí ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè ti tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí tó ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ara. Olórin kò ní irú rẹ̀ lórí orin. Ẹ̀rọ kan náà ló ń pe ọgbọ́n àtọwọ́dá ní "itetisi atọwọda". Títẹ́ etí sílẹ̀ ni Yorùbá ń gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ orin mu, nítorí pé ẹ̀rọ tó tẹ́tí sí orin olórin ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ènìyàn ti ń kó orin olórin láìgbàṣẹ. Àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin. Ìdó ni ojú irin Èkó ti ṣẹ̀: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ọkọ̀ sì ti ń dé Ìbàdàn ní 1901. Ó kó rélùwéè àti téṣàn wọ inú èdè, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹnu sín ọkọ̀ jẹ: fàkàfíkì, fàkàfíkì. Àsínjẹ nìyẹn, a mọ ẹni tí a ń sín jẹ, kò sì sí ẹni tó ń rò pé ọmọ náà ni ọkọ̀. Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, fi orin tí a dá sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ṣáájú nínú àwo rẹ̀, Drums of Passion, tí Columbia gbé jáde ní 1960. "Akiwowo" ni orúkọ orin náà. Ọlátúnjí ń lé e, àwọn obìnrin ń gbè é, ìlù sì ń ti gbogbo wọn lẹ́yìn.

Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, gbé àwo kan jáde tó pè ní Gainsbourg Percussions. Ohùn orin "Akiwowo" wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rélùwéè ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ilé gogoro New York ni orin náà ń dárúkọ báyìí. Orin méjì mìíràn láti inú àwo Ọlátúnjí tún wà lórí àwo náà. Orúkọ Ọlátúnjí kò sí lára páálí. Àwòkọ kò tó láti fi pe èyí, nítorí pé ọmọ iléèwé ń wo ojú pátákó kọ nǹkan láìsọ pé òun ló ni ín. Àsínjẹ kọ́, nítorí pé kò fi ẹni tó ń sín jẹ hàn. Ohun tí Yorùbá máa sọ ni pé ó sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ẹgbẹ́ Santana náà mú "Jin-go-lo-ba" láti inú àwo kan náà ní 1969, wọ́n sì pè é ní "Jingo". Ẹ̀ka igi kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ni aráyé mọ̀ jù.

Ibi tí ẹ̀rọ ti yàtọ̀ sí Gainsbourg ni pé ẹ̀rọ kì í mú orin mẹ́ta. Àìmọye orin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ohun tó sì ń mú jáde kì í sábà jẹ́ ọ̀kan pàtó nínú wọn. Èyí ló mú kí kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi kọ́ nìkan sílẹ̀ láìtún un pín. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lè fi ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò ṣe rí. Ẹni tó kọ́ nǹkan sórí máa kà á jáde bó ṣe wọlé, bí odídẹrẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, Jámánì, dá GEMA, ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn olórin níbẹ̀, láre lórí ilé iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá OpenAI. Ọ̀rọ̀ inú orin mẹ́sàn-án ni ẹjọ́ náà dá lé. Ilé ẹjọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀rọ, ó sì ń tibẹ̀ jáde. Àkọ́sórí ni ilé ẹjọ́ rí, ó sì kà á sí àdàkọ.

Owó tó ń tẹ̀ lé irú ẹjọ́ yìí náà ní orúkọ tó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ìtanràn ni ẹni tó rúfin ń san. Owó gbà-má-bínú wà fún ẹni tí a ṣẹ̀, kò sì sọ ẹni tó ni nǹkan. Ìṣákọ́lẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbé fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kó kéré mọ, kí ó lè hàn pé ilẹ̀ lólúwa. Nígbà tí Universal bá Udio parí ìjà ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Warner sì bá Suno parí tirẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àdéhùn pé kí wọ́n máa lo orin nìṣó pẹ̀lú àṣẹ wà nínú rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ló bá apá yẹn mu, kì í ṣe ìtanràn tàbí owó gbà-má-bínú. Èkó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní owó ìṣákọ́lẹ̀ tí Olóyè Olúwa ń gbà nìkan ni àwọn máa san dípò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1921 pé àwùjọ tí olóyè náà ń ṣojú fún ló ni ilẹ̀ náà pátápátá. Ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe agbowó, òun ló ni ín.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí wọ́n ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo orin tí ènìyàn kọ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn kan máa ń pe orin ìbílẹ̀ ní "orin aláìlólúwa". Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Orin àjùmọ̀ní ni. Òfin kan náà dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀, Àjọ Ẹ̀tọ́ Àdàkọ sì ni ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ orin Ọlátúnjí ṣì wà lára páálí 1960 bí Columbia ṣe tẹ̀ ẹ́: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ẹ̀rọ ṣe máa kọ́ ọ.