Eré Sísá, Eré Ṣíṣe: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwakọ̀ Láàárín Kóònù

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn eré. Bí ọmọ bá ń ṣeré, eré ló ń ṣe. Bó bá sì ń sáré, eré náà ló ń sá. Ohùn kan náà ni, sípẹ́lì kan náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí à ń wí. Ibi tí mo ti rí i pé eré méjèèjì pàdé jù lọ ni inú ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ọkọ̀ ṣàlàyé.

Láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mò ń gbọ́ ṣáá ní hostel. Ẹnìkan ní òun wa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lálẹ́ nígbà ìsinmi, láti Uselu títí dé Ugbowo. Ẹnìkejì ní kékeré nìyẹn, pé ní tòun, òun tẹ̀ ẹ́ dé 140. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. (Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.) Ẹ mọ orúkọ tí Yorùbá ń pe irú eré bẹ́ẹ̀: eré àsápajúdé. Ẹ tú u wò. À-sá-pa-ojú-dé. Eré téèyàn sá nígbà tó ti pa ojú rẹ̀ dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ojú yẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò fún ọkọ̀ ni wà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn yẹn á gòkè díẹ̀, á di ohùn àárín: ó wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ náà ló máa wà: ó wà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́. Rà náà: bàbá ra mọ́tò, bàbá rà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba máàkì kékeré nínú àmì ohùn, ibí yìí gan-an ló ń mú wọn.

Ohùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wa ọkọ̀” túmọ̀ sí pé sítíárìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ọkọ̀” túmọ̀ sí pé ó dúró sí etí títì, ó ń fọwọ́ dá bọ́ọ̀sì dúró. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ọkọ” ńkọ́? Bí ẹ bá ṣèèṣì kọ ìkẹta yìí sínú lẹ́tà sí bàbá yín, ẹ máa ṣàlàyé títí tí ìsinmi á fi parí. Ká má tíì dé orí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko.

Inú omi ni ọkọ̀ ti wá. Kí mọ́tò tó dé, ọkọ̀ tí à ń fi àjẹ̀ wà lórí odò àti ọ̀sà ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹni tó wa ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó wa Tòyótà, awakọ̀ ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí ti ojú irin dé, a ní ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń fò, a ní ọkọ̀ òfurufú. Èyí tó rọra ń lọ lórí ilẹ̀ láìpariwo, a pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ló gba orúkọ òyìnbó, tí a sì wọ̀ ọ́ láṣọ Yorùbá: gíà, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, táyà, tọ́tù tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, Ìjàpá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí pápá. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní SCCA, ọdún 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe ni eré kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí autocross, àwọn fúnra wọn ń pè é ní Solo. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ìwakọ̀ jẹun. Olùkọ́ ni, nọ́ọ̀sì ni, mẹ́káníìkì ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì náà ni wọ́n máa ń gbé wá sórí pápá lópin ọ̀sẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí koríko tàbí ilẹ̀ eléruku ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pe orúkọ yìí. Ní Amẹ́ríkà, orí ọ̀dà ni: ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tó ṣófo, tàbí pápá ọkọ̀ òfurufú tí wọn ò lò lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n á to kóònù sílẹ̀, àwọn kóònù pupa rẹ́súrẹ́sú bí irú èyí tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń tò sójú ọ̀nà wa. Kóònù méjì tó dojú kọra, ẹnu ọ̀nà nìyẹn, àárín wọn lo gbọ́dọ̀ gbà. Kóònù tó tò tẹ̀léra lórí ìlà kan, ńṣe ni wàá máa lọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ejò. Kóònù tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ńṣe ló ń tọ́ka sí apá ibi tí o máa gbà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, kò sí pé ẹnìkan ń lé ẹnìkan, kò sí pé à ń fi ìmú ọkọ̀ kan ìdí ọkọ̀. Aago ni alátakò rẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsáré kan kì í pé ìṣẹ́jú kan tó fi máa ń parí, gíà kejì sì tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òfin wọn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á fi ẹfun fa ìlà yí ìdí kóònù kọ̀ọ̀kan ká. Bí ọkọ̀ rẹ bá bì í ṣubú, tàbí tó tì í jáde kúrò nínú ìlà yẹn pátápátá, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò rẹ. Bí o bá fo ẹnu ọ̀nà kan láìgba ibẹ̀, ìsáré yẹn kò ní kà rárá. Nítorí náà, ẹni tó sá eré lọ bí ìjì tó wá bi kóònù mẹ́ta ṣubú, ìṣẹ́jú-àáyá 6 ti gorí tirẹ̀. Ẹni tó rọra wà á mọ́ tónítóní á sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, bóyá pẹ̀lú ọkọ̀ tó kéré jù. Wọ́n tiẹ̀ ń pín ọkọ̀ sí ìsọ̀rí, kí ọkọ̀ kékeré lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje.

Kí ó tó kan ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rìn. Gbogbo wọn á fẹsẹ̀ rin pápá náà láàárọ̀, wọ́n á máa ka ìyípadà rẹ̀ sórí bí ẹni ń ka ìwé fún ìdánwò. Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ọkọ̀: ṣé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ le? Ṣé bátìrì kò mì? Ṣé kò sí ìgò tàbí bàtà tó ń yí kiri nílẹ̀ tó lè há sábẹ́ bíréèkì? (Ẹ wo inú ọkọ̀ àwọn ará ilé yín nígbà tí wọ́n bá wá kí yín ní visiting day, kí ẹ sọ iye ìgò omi tí ẹ bá ní ìsàlẹ̀.) Akoto dandan ni. Bí ìwọ kò bá sì ń wakọ̀, orí pápá lo máa dúró sí, o máa gbé kóònù tí àwọn mìíràn bì ṣubú padà sípò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Báyìí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ nígbà tó bá ń yà? Táyà mẹ́rin ló gbé ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, ohun gbogbo tí o ní nìyẹn. Bí o bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á sún síwájú, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́. Bí o bá tẹ tọ́tù, á sún sẹ́yìn. Bí o bá yà sí ọ̀tún, á rọ́ lọ sí òsì. Agbára dídi ilẹ̀ mú tí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ní kò pọ̀ sí i nítorí pé o ní ìgboyà. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ tẹ bíréèkì tán kò ní èyí tó máa fi yà mọ́, ọkọ̀ á kàn máa lọ gbọọrọ sí ibi tí kò fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń tẹ bíréèkì tán nígbà tí sítíárìn ṣì dúró gbọọrọ, kí wọ́n tó yà.

Ẹ mú bíírò. Ní kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, èyí tí òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti sá nínú ìlú, ọkọ̀ ń lọ tó mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 140, ó ń lọ tó mítà 39. Kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, o ti la pápá bọ́ọ̀lù kan já. Ìyẹn kò tíì burú tó ti bíréèkì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa fi dúró lẹ́yìn tí o ti tẹ bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 50 dé 140, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ lọ bá olùkọ́ Physics yín, ẹ ní kó bá yín ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ wá gbé e sí ojú ọ̀nà Ugbowo lálẹ́, pẹ̀lú kòtò, àti tírélà tí kò ní iná lẹ́yìn, àti ìyá tó gbé igbá ẹ̀pà tó fẹ́ sọdá. Òun kì í ṣe kóònù. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 kọ́ ni wọ́n máa fi kún tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ ojú tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ló kàn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun nínú eré kóònù ni pé kó má wo kóònù tó wà níwájú ìmú ọkọ̀ rẹ̀, kó wo èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń darí ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kóònù tó ń bẹ̀rù, òun náà ló máa gbá. Ẹ wá rí i pé eré yìí àti àsápajúdé, ọ̀tá ara wọn ni: ìkan fi ojú ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìkejì pa á dé.

Nítòsí wa níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ugbowo kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UNIBEN ti fi ọkọ̀ ṣeré tó ní orúkọ lágbàáyé. Wọ́n kọ́ ọkọ̀ kan fúnra wọn, wọ́n pè é ní Tuke-Tuke, ìyẹn orúkọ tí àwọn ará Benin ń pe bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń pariwo nígboro, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon. Nínú ìdíje yẹn, ẹni tó yára jù kọ́ ló ń borí. Ẹni tó fi epo tó kéré jù lọ jìnnà jù ni. Ọdún 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Shell kan ní Wood River, ìpínlẹ̀ Illinois, bá ara wọn ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tí gálọ́ọ̀nù epo kan máa gbé jìnnà jù. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì tuke-tuke rí á mọ̀ pé ẹni tó sọ ọkọ̀ yẹn lórúkọ mọ ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Michèle Mouton, ará Faransé, ń kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà tó bọ́ sínú ìdíje ráálì. Ẹni tó ń ka ọ̀nà fún awakọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ra ọkọ̀ fún un, tó ní òun fún un ní ọdún kan péré láti fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n wà. Ní 1981 ó borí ní Sanremo, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje ráálì àgbáyé. Ní 1982 ó borí lẹ́ẹ̀mẹta, ní Portugal, ní Gíríìsì àti ní Brazil, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jẹ́ akọni àgbáyé wá kù sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí, ní Ráálì Côte d'Ivoire. Bí ìdíje náà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ní kó máa lọ, pé ohun tí bàbá fẹ́ nìyẹn. Ó wọ ọkọ̀. Ó ṣíwájú àwọn yòókù fún ọjọ́ mélòó kan, Fabrizia Pons, obìnrin bíi tirẹ̀, sì ń ka ọ̀nà fún un. Nígbà tó yá, gíà dà á láàmú. Lẹ́yìn náà, ó ṣe jàǹbá nínú kùrukùru, ìdíje parí fún un. Walter Röhrl ló gbé ipò kìíní àgbáyé, Mouton ṣe ìkejì.

Ó ku iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ máa pàdé, a máa to ike omi tó ṣófo méjìlá sórí pápá àsẹ́ḿbílì. Ẹ máa fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi bárò sáré, abọ́ omi kan nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ike kan tó bá ṣubú, ìṣẹ́jú-àáyá 2. Omi tó bá dà, a máa wọn èyí tó kù. Aago ọwọ́ mi la máa lò, nítorí fóònù kò sí lọ́wọ́ yín. (Kò sí, àbí?) Kí kóńkó lọ́wọ́ yín kọ gbólóhùn márùn-ún wá: kí wà, tẹ̀ àti yà hàn nínú wọn, kí àmì ohùn wọn sì pé. Ẹ tún bá mi ronú orúkọ Yorùbá tó yẹ autocross. Èmi ń pè é ní eré kóònù, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹnìkan ní SS1 máa rí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.