Ìfun Ló Ń Jẹ Ẹ̀jẹ̀ Náà

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Síbẹ̀, ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn bí ẹni tí inú ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wẹ̀wẹ̀: a ra blood tonic fún un, a ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, a kò sì béèrè ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà.

Àìsàn Crohn àti ulcerative colitis, tó ń mú kí ìfun wú fún ìgbà pípẹ́, ni mò ń bá bọ̀. Wọn kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa bíi ti ìlú òyìnbó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún oṣù púpọ̀ fi ń gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, tí ìgò àgbo kan sì ń tẹ̀lé òmíràn. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ wo inú ìfun náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde nìkan kọ́ ni àdánù. Níbi tí ìfun ti wú, sẹ́ẹ̀lì funfun ń tú èròjà ọ́síjìn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn jáde ṣáá, títí tí yóò fi pọ̀ ju èyí tí ara lè pẹ̀rọ̀ sí. Oxidative stress ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í rí ibi sá sí. Irin àti ọ́síjìn ló rù, bẹ́ẹ̀ bó bá ti kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun, kò lè ṣe ohun tuntun dípò èyí tó bàjẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ló yẹ kó lò. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti le gan bíi bàtà rọ́bà tí oòrùn pa, kò ní lè ká ara rẹ̀ kò dáadáa nínú iṣan tín-ín-rín mọ́, ara yóò sì ṣà á dànù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ọ̀rọ̀ irin wá dé. Wíwú yìí ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú hepcidin jáde, òun ló ń dí irin lọ́nà láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a bá gbé mì yóò kàn jókòó sínú ìfun, ó sì lè dá kún èròjà tó ń ṣe ibi níbẹ̀. Nítorí náà ni ìlànà àwọn dókítà Yúróòpù fi ní kí wọ́n gba inú iṣan fa irin sí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣì ń jà, tàbí tí hemoglobin rẹ̀ kò tó 10 g/dL. Ẹni tí tirẹ̀ ti rọlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dín díẹ̀, lè lo oníhóró, kí irin inú rẹ̀ má ju 100 mg lọ lóòjọ́.

PCV nìkan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ferritin, tó ń fi irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ara hàn, àti CRP, tó ń fi wíwú hàn, wò. Bí ìfun bá rọlẹ̀, ferritin tí kò tó 30 µg/L ń fi hàn pé irin ti tán. Bí ó bá wú, ferritin tó tó 100 µg/L pàápàá lè bo àìtó irin mọ́lẹ̀. Ẹni tí àìsàn náà mú níbi tí ìfun kékeré parí sí, tàbí tí wọ́n ti gé ibẹ̀, kí ó yẹ B12 wò pẹ̀lú.

Ọ̀kan kù tó kan àwa Yorùbá gan-an. Kí ẹ tó gba sulfasalazine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ìfun wíwú yìí, ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD yín wò, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Àìtó rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ àti ibà ní àwọn ọdún 1960. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD kò tó nínú rẹ̀ kò ní ohun tó pọ̀ láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èròjà ọ́síjìn wọ̀nyí, sulfasalazine sì lè fọ́ ọ. Bí ìtọ̀ bá ṣàdédé dúdú tàbí tí ẹyinjú pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.