Ta Ni Ó Ń Pè? Ẹ̀kọ́ Lórí Jìbìtì Orí Fóònù àti Íméèlì

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí nílé àti lẹ́yìn odi, ní àsìkò àjọ̀dún bí irú èyí, ìpè máa ń pọ̀ lórí fóònù wa. Owó ìtìlẹ́yìn ń ti Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà wọlé sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn tí a ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Inú wa ń dùn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó so wá pọ̀ yìí gan-an ni oníjìbìtì fi ń ṣe ọjà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ gbé ẹ̀kọ́ yìí yẹ̀wò.

Ohun tí Ísáákì kò ṣe

Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 27, Jákọ́bù wọlé tọ Ísáákì baba rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó sì pe ara rẹ̀ ní Ésáù. Ísáákì kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fura. Ó yà á lẹ́nu pé ẹran ìgbẹ́ náà tètè dé jù, ohùn tí ó gbọ́ kò sì jọ ti Ésáù létí rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì tún bi í léèrè bóyá Ésáù ni ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń fura sí náà ni ó ti ń wá ẹ̀rí: awọ ewúrẹ́ tí ó bo ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tí ó wọ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò pe ẹlòmíràn láti wá wò ó. Kò pẹ́ tí Jákọ́bù jáde ni Ésáù wọlé. Ká ní Ísáákì dúró díẹ̀ sí i ni, àṣírí ì bá ti tú.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: a kì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí a ń fura sí. Ibòmíràn ni a ti ń wá a.

Olówó náà ń kó sí pańpẹ́

Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ni ó fún jìbìtì ní orúkọ tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é. Òfin ọdún 2006 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi irọ́ gba owó olówó, láìsí àyè owó ìtanràn.

Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Oníṣòwò kan ní Qatar ń wá ẹni tí yóò yá a ní mílíọ̀nù 15 dọ́là láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ramon Abbas, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Hushpuppi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bí òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n ṣí ojú-ewé ayédèrú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gba owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Los Angeles rán Abbas lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Awọ ewúrẹ́ òde òní ni irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wọlé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ọ́. Oníjìbìtì kì í sábà fọ́ ilẹ̀kùn. Àwa ni ó ń bẹ̀ kí a ṣí i.

Èkíní ni ìpè ayédèrú báńkì. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ní Òmù-Àrán lè gbọ́ pé wọ́n ti ti BVN òun pa, pé owó ìfẹ̀yìntì kò ní wọlé mọ́, àfi bí òun bá ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí fóònù òun. Nọ́ńbà OTP nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó sì ni. Báńkì kì í pe ènìyàn láti béèrè OTP tàbí PIN. Bí olùpè bá mọ orúkọ yín, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà tí ó hàn lójú fóònù náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí wọ́n lè fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

Èkejì ni WhatsApp. Ẹnì kan yóò fi àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ yín kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ jọ̀wọ́ dá a padà. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, WhatsApp yín ti di tirẹ̀, orúkọ yín ni yóò sì fi tọrọ owó kiri láàárín ẹgbẹ́. Ohùn pàápàá, kọ̀ǹpútà ti lè sín in jẹ báyìí.

Ẹ̀kẹta ni íméèlì. Akápò ẹgbẹ́ lè rí lẹ́tà pé agbaṣẹ́ṣe ti yí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ padà. Ẹ ka àdírẹ́sì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Òdo lè wà níbi tí ó yẹ kí «o» wà. Nígbà mìíràn, àdírẹ́sì náà yóò pé pérépéré, nítorí wọ́n ti gba àpótí íméèlì onítọ̀hún.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àmì mẹ́ta ni ó máa ń bá jìbìtì rìn: ìkánjú, ìbẹ̀rù, àti «má sọ fún ẹnikẹ́ni». Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ pa ìpè náà. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí èyí tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM, tàbí kí ẹ lọ sí báńkì fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni, ẹ bi í ní orúkọ ìnagijẹ tí kíláàsì yín fún olùkọ́ ìṣirò. Lórí WhatsApp, ẹ fi PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà ti ara yín kún ààbò àkáǹtì yín. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fẹnu kò pé a kò ní tẹ̀ lé àyípadà àkáǹtì kankan tí a kò tíì fi ìpè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí wọ́n sì kàn sí báńkì tí ó gba owó náà. Ẹ kọ àkókò, iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC ní Ìlọrin. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gba owó yín padà, oníjìbìtì kejì ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́, nítorí bí ẹ bá dákẹ́, ilé aládùúgbò ni yóò kàn.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé

1. Àmì méjì wo ni Ísáákì rí, kí sì ni ì bá ṣe?
2. Nọ́ńbà báńkì wa dà, ibo ni a kọ ọ́ sí?
3. Bí ẹnì kan bá fi ohùn ọmọ wa pè lóru pé òun wà nínú wàhálà, ìbéèrè wo ni a ó kọ́kọ́ bi í?