Oró àti Májèlé: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Ìgbín Òkun kan

Bí olùkọ́ bá ń fi ‘májèlé’ pe gbogbo ohun tí ń pani láti ara ẹranko, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé nínú jíjẹ nìkan ni ewu wà. Ìgbín òkun kan, tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Conus geographus, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ bí àṣìṣe yìí ti léwu tó.

Inú Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ni ìgbín yìí ń gbé, láàárín òkìtì iyùn. Linnaeus ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1758. Ìkarahun rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, àwọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ sì jọ àwòrán ilẹ̀. Ẹja ni ó ń dọdẹ lóru. Yóò la ẹnu gbàgà bí àwọ̀n láti fi kó ẹja, yóò sì fi eyín kan tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ó ní ìkọ́, gún un. Inú eyín yìí ni oró ń gbà kọjá. Ìwádìí ọdún 2015 fi hàn pé ínsúlíìnì wà nínú oró náà, tí ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹja kù. Àwọn èròjà mìíràn nínú rẹ̀ ń dí ọ̀nà tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán fi ń dé iṣan. Bí iṣan tí a fi ń mí bá kọṣẹ́, ikú ni. Ní ọdún 1935, ó pa ọkùnrin kan ní erékùṣù Hayman ní Ọsirélíà. Kò tíì sí oògùn apa-oró fún un.

Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. A kì í sọ pé ejò ní májèlé. Oró ni a ń sọ. Àkeekèé ń ta ni, oró rẹ̀ a sì wọni lára. Ọfà tí a fi oró kùn lẹ́nu, ọfà olóró ni. Nítorí náà, kí ‘májèlé’ jẹ́ ti ohun tí ó ti ẹnu wọlé, kí ‘oró’ sì jẹ́ ti ohun tí ó gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

‘Ìgbín òkun’ lásán kò tó. Omi ẹ̀rọ̀ ni omi ìgbín lójú Yorùbá. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà lè fi ọwọ́ gbé e láìbẹ̀rù. ‘Ìgbín òkun ọlọ́fà’ ni a dábàá fún ẹ̀yà Conus lápapọ̀, nítorí eyín rẹ̀. ‘Ìgbín òkun ọlọ́fà aláwòrán-ilẹ̀’ fún èyí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ọlọ́fà’ yóò ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi ọwọ́ kàn án.